Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Tó Kọjú sí Odò

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé aṣọ ń fọ ara ẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà? Bó bá ń fọ ara ẹ̀ ni, Ìyálé ì bá ti jókòó sílé tipẹ́. Ṣùgbọ́n ayé tí wọ́n tò fún wa nìyí: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù lè fi aṣọ ìsùn ṣiṣẹ́, ẹni tó ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì aláìsàn ni kó máa sá lé bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Inú ilé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé. Ìyálé ló fẹ́ ẹ̀gbọ́n, Ìyàwó ló fẹ́ àbúrò. Awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù làwọn ọkọ, títì ni wọ́n ń gbé ju ilé lọ. Ẹ̀yìn ilé wọn lodò wà, orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà lódìkejì odò, ọsibítù kan lọ́hùn-ún làwọn méjèèjì sì ń bá ṣiṣẹ́. Ìyálé wà níbi ìfọṣọ, Ìyàwó ń dá àwọn aláìsàn lóhùn lórí fóònù.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n jọ ń lọ ni. Wọ́n á jọ tò lórí afárá, wọ́n á jọ na káàdì sí aṣọ́bodè, Ìyàwó á sì sùn lé èjìká Ìyálé nínú bọ́ọ̀sì títí itọ́ ẹ̀ á fi rin ín láṣọ.

Ìgbà tó yá, ọsibítù ní káwọn onífóònù máa ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ tó kù, dandan ni kí wọ́n sọdá, torí ìjọba méjèèjì ń du owó orí wọn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó fún wọn nìkan ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ wọn: ó ń sọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì orílẹ̀-èdè tẹ́nì kan ń lò. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ìyàwó gbé ẹ̀rọ náà yí ilé ká, àfi ìgbà tó dójú fèrèsé yàrá Ìyálé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì ń fẹ́ wọlé níbẹ̀ bí atẹ́gùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ yá mi ní ojú fèrèsé yín."

Ìyálé ní kò burú. Kò burú, ṣẹ́ ẹ rí i? Bẹ́ẹ̀ ni Ìyàwó ṣe ń sọdá lójoojúmọ́ láìkúrò nílé.

Níbẹ̀ lowú ti wọlé. Bí Ìyálé bá dé nírọ̀lẹ́, tí ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́, òórùn ìpara Ìyàwó ló ń pàdé ẹ̀ ní yàrá ara ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Rédíò torí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, kò tún sáré pàdé ẹ̀ mọ́. "Ìyá Kékeré ló bá mi ṣiṣẹ́ ilé ìwé." "Ìyá Kékeré ní irun mi rẹwà." Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ti Ìyálé ti gbẹ dé eegun.

Eyín ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Eyín iwájú Rédíò ti ń mì, Ìyálé ló ń fọwọ́ tì í wò láràárọ̀. Ó dé lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ́rìn-ín, àlàfo ló rí.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Ìyá Kékeré ni! Kò dùn mí rárá!"

"Ó ti fẹ́ bọ́ fúnra ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi," Ìyàwó ní.

"O kú iṣẹ́. Ó kù kóo fún un lọ́mú."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyálé ti yàrá ẹ̀ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú kọ́mú, ó bá ọ̀nà ẹ̀ lọ.

Nígbà tóòrùn wà lókè, ó ń fa aṣọ tútù jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ló bá rí Ìyàwó tó ń mí hẹlẹhẹlẹ wọgbà. Kò rí ojú fèrèsé lò, kọ̀ǹpútà ti tú àṣírí ẹ̀, ọ̀gá ní kó máa bọ̀ kíá. Inú Ìyálé dùn bíi pé ó jẹ tẹ́tẹ́.

"Káàbọ̀, ìyàwó. Afárá ń kọ́?"

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi." Omi ti lé sí i lójú. "Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún Rédíò?"

Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ Ìyálé. Ó ti gbàgbé pé ẹni tóun ń jowú ẹ̀ ló ń bá òun gba ọmọ wọlé tó bá ti ilé ìwé dé.

Kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí wọ́n lọ kí iṣẹ́ tó parí. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò sùn lé ẹnikẹ́ni léjìká. Wọ́n bá Rédíò níwájú ilẹ̀kùn, ó gbá báàgì mọ́ àyà, ojú ẹ̀ ti wú, kò sì sọ nǹkan kan. Rédíò kú! Ìyálé na ọwọ́. Ọmọ dìde, ó gba abẹ́ apá ìyá ẹ̀ kọjá, ó lọ dì mọ́ Ìyàwó.

Ìyálé ki ọwọ́ bọ kọ́mú, ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀.

"Gbà. Máa jókòó sójú fèrèsé mi, kóo lè máa ṣílẹ̀kùn fún ọmọ."

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Má dúpẹ́. Gbé àga tìẹ wá, má jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Tí eyín kejì bá sì ń mì, èmi ni màá yọ ọ́. Ṣóo gbọ́?"