Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Ìránṣọ

Màdáámù, alábòójútó ilé ìránṣọ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Àpápá, ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní irọ́ tó ń pa ènìyàn. Aṣọ òtútù la ń rán fún ilé iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun. Ajégúnlẹ̀ ni àwọn aránṣọ ti ń wá. Èmi ni akọ̀wé, mo sì ń fi gẹ̀ẹ́sì mi yangàn bí ẹni pé bàbá mi ló dá a sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í kúrò ní títì, Màdáámù ní àwọn aránṣọ ń jí aṣọ gbé. Ọjọ́ tí òyìnbó láti òkè òkun bá ń bọ̀ wá yẹ ilé wò nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Lọ́jọ́ náà, a ó lọ yá àwọn agolo pupa tí wọ́n fi ń paná ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road. Ọkọ̀ òyìnbó kì í tíì jáde tán tí a ó fi dá wọn padà.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó ní kí n bi aránṣọ kan bóyá ohunkóhun ń bà á lẹ́rù. Aládùúgbò mi ló nàka sí, ẹni tí yàrá wa kọjú síra ní Ajégúnlẹ̀.

“Àǹtí, ẹ sọ fún un pé àgádágodo ló máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Òní ni wọ́n ṣí i. Ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ o!”

Màdáámù rẹ́rìn-ín sí mi. Mo sọ fún òyìnbó pé ó ń dúpẹ́ fún fáànù tuntun. Òyìnbó kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀.

“Fáànù kẹ̀? Àǹtí, àgbàlagbà ni yín o!”

Lóṣù kejì, wọ́n fi mí ṣe igbákejì Màdáámù. Mo rò pé ìwé tí mo kà ló gbé mi débẹ̀.

Wáyà áyọ́ọ̀nù kan ló dáná sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwa tó sún mọ́ iwájú jáde. Ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni aládùúgbò mi wà. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì Màdáámù, Màdáámù sì ti lọ sí báńkì. A gbọ́ bó ṣe ń lu ilẹ̀kùn. A gbọ́ ìgbà tó dákẹ́.

Ilé iṣẹ́ òkè òkun kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Wọ́n ní nínú ìwé àyẹ̀wò àwọn, olóògbé náà fúnra rẹ̀ kò ráhùn. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n ọba wo ni ọwọ́ rẹ̀ gùn dé òkè òkun?

Màdáámù nìkan ni ọwọ́ mi lè tó. Lọ́dún yìí, mo wá a lọ sí Olodi-Apapa. Ojú rẹ̀ ti fọ́, inú mi sì dùn sí i. Mo ní kó jẹ́wọ́ kó tó kú. Ó ní:

“Mo ti lọ kúnlẹ̀ fáwọn ọmọ aládùúgbò rẹ, mo ní ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọ́n ní ìwọ ò tíì wá bẹ àwọn. Ìgbà wo lo máa lọ?”