Ewúro Tí Kò Korò

Egbò ń yọ lára àwọn ẹja àrọ̀ wa. Ilẹ̀ bàbá ọkọ mi lọ́nà Kuta la gbẹ́ kòtò ẹja náà sí, Bàbá sì ti là á mọ́lẹ̀: bí ẹja bá fi lè kú, ká dí kòtò, àwọn fẹ́ fi gbin ẹ̀gẹ́.

Ìyá ọkọ mi ní ká gún ewúro àti aáyù pọ̀ mọ́ èérí àgbàdo fún àwọn ẹja jẹ, egbò á jinná. Ṣùgbọ́n bí Ìyá bá ti já ewé, wọn kì í fọhùn títí wọ́n á fi lò ó tán. Àwọn ááfà bá wọn wí títí, etí ikún ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ mi lọ sí Olúpọ̀nnà, Ìyá gbé igbá oúnjẹ ẹja dé, wọ́n panu mọ́. Òórùn aáyù gba gbogbo ibẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Kò korò.

Háà! Ewúro wo ni kò ní korò?

“Ìyá, ewé wo lẹ já?”

Wọn ò dáhùn. Wọ́n kọrí sí kòtò. Jìnnìjìnnì bò mí, torí ewé kan wà létí odò níbẹ̀ tí àwọn apẹja ń gún sómi láti fi pa ẹja. Mo di igbá mú. Wọ́n fà á, mo fà á. Èmi àti ìyá ọkọ mi! Ẹni tó bá rí wa ì bá ní orí mi dàrú, kò sì kàn mí.

“Ẹ torí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dán an wò!”

Wọ́n pòṣé, wọ́n fi igbá sílẹ̀. Mo mú ẹja méjì sínú bàsíà omi, mo da díẹ̀ sí i. Àwọn ẹja náà jẹ ẹ́. Ó ṣe sàà, ọ̀kan ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ló bá yíkùn sókè. Èkejì tẹ̀ lé e.

“Ṣé ẹ ti rí i báyìí?” Inú ń bí mi burúkú.

Ìyá ń fọwọ́ táràrà nínú omi títí ọwọ́ wọn fi ba òkú ẹja. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ojú mi ti ń fọ́ láti ìgbà ààwẹ̀, mi ò dá ewé mọ̀ mọ́,” ni wọ́n wí. “Jọ̀ọ́, má sọ fún ọmọ mi. Ilé ni wọ́n á há mi mọ́ títí n ó fi kú.”

Ìbínú mi tán pátá. Mo da ti inú igbá nù sínú igbó.

Ẹja wa sàn, Bàbá ò dí kòtò. Èmi ni mo ń já ewúro láti ọjọ́ náà. Ìyá á gbé igbá, mo máa ń tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí kí wọ́n má baà kọsẹ̀, kí ará ilé má sì fura.