Ibi Tí A Kì Í Sá Láfún Sí

Òórùn àpáta gbígbóná tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé lórí kì í tán ní imú ọmọ Ìdànrè. Èmi ò kàwé kọjá ìwé kẹta, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo ti ń sá láfún lórí àpáta ẹ̀yìn ìlú wa, Aládé, láti ìgbà tí mo ti lè ru agbọ̀n. Ìyá mi ló fi ibi tí a kì í sá a sí hàn mí: ojú ibi tí omi ti máa ń sun jáde, tó ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òógùn lẹ́yìn àgbẹ̀. Bí o bá sá láfún síbẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ á kó wọnú rẹ̀, gbogbo ẹ̀ lo máa dà nù.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin olùkọ́ kan wá láti yunifásítì, òun àti arákùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan ni wọ́n ń wá. Ó ní àwọn onímọ̀ ìjọ́un ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí òkè wa yìí ló ń gbé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ojú ti kàn án gbẹ̀yìn. Bí àwọn náà bá lọ lọ́wọ́ òfo, wọn á kà á mọ́ àwọn tó ti run. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi tú gbogbo odò àti adágún kéékèèké. Lọ́jọ́ keje, tí wọ́n ti di ẹrù tán, ó wá jókòó ti láfún mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Mo ní, "Ọmọ mi, kí lẹ wá ń wá a lọ sódò fún? Orí àpáta níbí ni wọ́n ń bímọ sí."

Arákùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí kò bá sí nínú omi á kú o."

"Ìwọ lo bí wọn ni?"

Mo gbọn láfún kúrò lọ́wọ́, mo mú wọn gòkè díẹ̀, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìrù wọn gùn, wọ́n lẹ̀ mọ́ àpáta níbi tí omi ò tó rin ọmọ ìka. Bí mo ṣe ṣí òkúta pẹlẹbẹ kan báyìí, àgbà kan fò jáde. Olùkọ́ sáré tẹ̀ lé e, bàtà rẹ̀ kan bọ́ dànù. Mo ní, "Ẹ gbà mí, wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, olùkọ́ ńkọ́?" Arákùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí àpáta tútù.

Olùkọ́ ti mú ọ̀pọ̀lọ́ náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wo ikùn àti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi wé àwòrán inú fóònù rẹ̀. Ó ní èyí gan-an làwọn ń wá, pé ẹbí ọ̀pọ̀lọ́ tí gbogbo wa mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dá yàtọ̀, orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Mo bi í pé, "Ní Àkúrẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí, Màmá."

"Ofosu?"

"Kò sí. Gbogbo ibi tí wọ́n ti wá a dé láyé, òkè yín yìí nìkan ni." Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó bá wálé, tí wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀, èmi a dìde, màá ní mò ń lọ wo iná ìdáná. Iná náà ò kú rí. Mo kàn rò pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti irú mi ni. Ní báyìí, mo máa ń jókòó, mo sì máa ń dá sí i.