Tẹlifíṣọ̀n Ìdíátù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn aráàdúgbò ti ń bu iyọ̀ sí i. Àwọn kan ní ọpọlọ Ẹ̀gbọ́n Àmúsà ló dà rú lẹ́yìn ikú ìyàwó wọn. Irọ́ gbuu! Ojú mi báyìí ló ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Mushin, níbi tí èmi náà ti ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn látìgbà tí mi ò tíì ní ewú kankan lórí.

Tẹlifíṣọ̀n ni Ẹ̀gbọ́n ń tún ṣe, àwọn onídìí ńlá àtijọ́ yẹn, kì í ṣe pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri. Bí wọ́n bá ti tan án, wọn á dijú, wọn á tẹ́tí. Fláíbáàkì, ìyẹn ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń gbé iná ńlá lọ sójú gíláàsì, máa ń súfèé tín-ín-rín bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, àìsàn kékeré ni: wáyà kan ló já, tàbí lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà pọ̀ ló ṣí. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, ọ̀ràn dé. Najeem tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ní Oyíngbò sọ títí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lo mítà tí wọ́n fi ń wọn iná." Wọ́n ní, "Etí mi ni mítà mi." Olóríkunkun! Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn.

Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá ni Ìdíátù, ìyàwó wọn, kú. Kò pẹ́ sígbà náà ni tẹlifíṣọ̀n yàrá wọn, èyí tí Ìdíátù fi èrè ẹja tó ń tà rà, ṣókùnkùn lójijì. Gbogbo wa ní kí wọ́n ra tuntun, wọn ò gbà.

"Èmi àti Ìdíátù la jọ máa ń jókòó síwájú ẹ̀," wọ́n sọ fún mi. "Lateefat, mi ò lè sùn nínú yàrá tí kò sóhùn ẹnì kankan."

Wọ́n sì rù lóòótọ́. Àánú wọn ṣe mí débi pé mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tan án, wọ́n dijú, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n pààrọ̀ fláíbáàkì, wọn ò gbọ́. Wọ́n wá òmíràn dé Oto, pàbó náà ni. Nígbà tó sú wọn, wọ́n pè mí lọ́jọ́ Sunday kan tí àdúgbò pa rọ́rọ́, tí iná wà. "Wá bá mi tẹ́tí." Mo tẹ́tí títí ọrùn fi ń dùn mí. Èmi náà ò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́n pa á, wọ́n yọ wáyà rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ti kú kì í kúrò lọ́wọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù láìjẹ́ pé wọ́n ṣẹ́ ọrùn gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà bú gbàmù mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú. Bí atẹ́gùn bá sì ti wọ ibẹ̀, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe láyé mọ́. Wọ́n mú pílásì.

"Ìdíátù, má bínú," wọ́n wí. Wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ó ṣe fììì.

Ìgbà yẹn gan-an ni Ummulkhair, ọmọ wọn obìnrin, wọlé tòun ti ọsàn lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ti tún un ṣe! Ibi tí mo ti ń ra ọsàn lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ súfèé ẹ̀, ó ń ha mí létí. Ẹ tún un tàn kí n rí i."

Háà! Ọlọ́run mi o. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. Etí àwa arúgbó méjì ló ti kú sí ohùn tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ló kú. Ẹkún gbé mi, mi ò lè wo ojú wọn.

"O gbọ́ ọ dáadáa?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ketekete, Bàbá. Kí ló dé?"

Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé orí lé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà.

"Ó ń ké sí mi látọjọ́ yìí, Ummu," wọ́n wí. "Ó wà láàyè nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ lọ́rùn."