Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Tẹlifóònù

Kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà láyé Sáàpù, nígbà tí ìlú le koko, tí kò gbọ́ bí olóògbé Bàbá Kàsúmù ṣe dọ̀bálẹ̀ fún tẹlifóònù.

Ọkùnrin náà fẹ́ràn àṣírí. Bí o bá bi í pé níbo ló ń gbé, á ní, "Abẹ́ òrùlé." Òun àti Ràfátù, obìnrin tó ń dá tẹlifóònù lóhùn ní ọ́fíìsì, jọ ń wọkọ̀ lọ sí Ìtẹ̀lé pẹ́ kí Ràfátù tó mọ̀ pé àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Bàbá Kàsúmù a máa bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kọjá ilé rẹ̀, á wá fẹsẹ̀ rìn padà.

Nígbà tó yá, fáànù tó ń fa èéfín jáde ní yàrá aró bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń dákú, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ̀rọ̀? Wọ́n ń dín èèyàn kù nígbà náà, ẹni tó bá yanu ni wọ́n á kọ́kọ́ lé. Bàbá Kàsúmù sì ní ọmọ nílé. Ó dúró kí àwọn yòókù lọ jẹun, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu tẹlifóònù, ó pe ọ́fíìsì.

"Ẹ fún mi ní ọ̀gá. Ẹ ò mọ̀ mí."

"Mo ti gbọ́, Bàbá Kàsúmù," ni Ràfátù wí.

"Kò sí níbí."

Ràfátù so ó pọ̀ mọ́ máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbándé, àgbàlagbà onírun funfun. Bàbá Kàsúmù ro ẹjọ́ fáànù fún un, ó sì gbé e sílẹ̀. Kò pẹ́ tí máníjà fi jáde sí Ràfátù.

"Níbo ni ìpè yẹn ti wá?"

Ràfátù wo iwájú rẹ̀. Lára pátákó tẹlifóònù tó wà níbẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní iná kékeré tirẹ̀, iná yẹn kì í sì í parọ́.

"Yàrá aró ni, sà."

"Ta ni?"

"Yàrá ni iná ń sọ, sà. Kì í sọ orúkọ."

"O ò dá ohùn mọ̀?"

"Inú aṣọ ló gbà kọjá, sà."

Ṣóbándé gba yàrá aró lọ, Ràfátù sì tẹ̀lé e, ó ń gbàdúrà sínú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti padà dé, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọwọ́ gbogbo wọn ló ní aró. Ṣùgbọ́n láti àyà Bàbá Kàsúmù dé orúnkún, aró tútù tó dà sílẹ̀ yàrá ló kùn ún. Ó lè fi orúkọ pamọ́, ó lè fi ohùn pamọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá àgbà sọ̀rọ̀ ní ìdúró.

"Bàbá Kàsúmù, kí ló ṣe aṣọ rẹ?"

"Mo yọ̀ ṣubú ni, sà."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí mò ń kí yín."

Ṣóbándé kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ṣe fẹ́ rẹ́rìn-ín ni èéfín gbé e lọ́fun, ó wúkọ́ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, fáànù ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n lé.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti rí i ní Ṣàngó, wọ́n á ní, "Bàbá, tẹlifóònù ní ká kí yín."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ má júwe ilé mi fún un."

Nígbà tó kú, àwọn ará ibi iṣẹ́ fẹ́ lọ kí ìyàwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀nà. Ràfátù ló ṣíwájú wọn. Ní ibùdókọ̀, ó mú wọn kọjá ilé ná, kí wọ́n tó jọ fẹsẹ̀ rìn padà.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, iná yàrá aró tàn lára pátákó. Ràfátù dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀, kó tó gbé tẹlifóònù.