Ìyàwó Tó Pe Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Rẹ̀ ní Nọ́ńbà Méje

Bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí oúnjẹ àárọ̀ mi má dà lára mi. Ojú mi ló ṣe. Mo jókòó sí etí pápá básíkẹ́ẹ̀tì Gowon Estate lọ́jọ́ náà, lórí àga tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún mi, torí kò sí òfin eré yẹn tí mi ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo wò ó, ó yé mi, ó parí.

Olúwaṣìkẹ́mi ni mò ń sọ. Ọmọ Èkìtì, tíṣà ní Ìgàndó, rẹfirí lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá fọn fèrè, ẹyẹ á já bọ́ lórí wáyà iná. Òun àti Ọláídé ọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá méjì nínú ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bọ̀dá Julius, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bọ̀dá Julius náà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà Ẹ̀gbẹ́dá tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ó ga débi pé tó bá dìde níwájú wa, ilẹ̀ á ṣú.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, Ẹ̀gbẹ́dá fẹ́ kojú Ṣáṣá, rẹfirí tí wọ́n yàn ò yọjú. Wọ́n ní kí Ṣìkẹ́mi wọlé. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun wà nínú wọn. Wọ́n ní kò sẹ́lòmíì, kó ṣá ṣe gbogbo wọn bákan náà.

Kò pẹ́ tí Bọ̀dá Julius fi di ọwọ́ ará Ṣáṣá kan mú. Ṣìkẹ́mi fọn fèrè, ó gbé ìkúùkù sókè bí òfin ṣe wí, ó rọra sọ pé, "Bọ̀dá mi, ẹ dì í lọ́wọ́ mú." Orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tí a kọ́ nílé ni, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é.

Ariwo sọ! Sùrájù, ọ̀gá ẹgbẹ́ Ṣáṣá, gbọ́wọ́ lérí. "Màdáámù, èmi náà ṣe fáòlù lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò kúnlẹ̀ fún mi o! Ẹ kúkú gbé ife fún àna yín ká máa lọ sílé jàre!"

Láti ìgbà náà, Ṣìkẹ́mi ò pe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́ àfi nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ: rẹfirí á sọ ohun tó rí àti nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, á fi ìka hàn àwọn tó ń kọ fáòlù ní tábìlì, á panu mọ́.

"Nọ́ńbà méje, ẹ taari rẹ̀."

Bọ̀dá Julius yíjú. "Ìyàwó, ta lò ń pè ní nọ́ńbà?"

"Ẹ taari rẹ̀, sà."

"Nọ́ńbà ni ìyá wa sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ, àbí?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Ṣìkẹ́mi ò rín. Nígbà tí fáòlù Bọ̀dá Julius pé mẹ́rin, tó ku ẹyọ kan kó jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó yìí kọjá, ó ní, "Rántí ilé tó o máa sùn lálẹ́ òní."

Eré kù díẹ̀ kó parí, Ẹ̀gbẹ́dá fi ojú àmì kan ṣáájú. Sùrájù fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n. Bọ̀dá Julius nà án lọ́rùn ọwọ́, mo búra, wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀gùn. Wáyà ni wọ́n fi yí pápá yẹn ká, ilẹ̀kùn ẹyọ kan ló ní, àwọn ará Ṣáṣá sì ti dúró dí i. Ṣìkẹ́mi wojú ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn wáyà. Ọláídé ń wo bàtà ara rẹ̀.

Fèrè dún.

"Nọ́ńbà méje, ẹ nà án lọ́wọ́. Ó pé márùn-ún. Ẹ jáde, sà."

"Kí lorúkọ mi?"

"Nọ́ńbà méje ni mo mọ̀ níbí, sà."

Ó jáde. Wọ́n fún Sùrájù ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì torí fáòlù yẹn, ó ju méjèèjì wọlé, Ṣáṣá gbé ife lọ.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti wá làjà, torí kò sí ìjà tí mi ò lè parí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bọ̀dá Julius nawọ́ sí tábìlì pálọ̀. "Fi fèrè yẹn síbẹ̀, kó o bẹ̀ mí, tàbí kó o kẹ́rù."

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ tán pátápátá. "Bọ̀dá mi, mo kúnlẹ̀ torí inú ń bí yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ nà, ẹ nà á."

Mo da òwe méje bò wọ́n, òkúta ì bá ti yọ́. Bọ̀dá Julius mí kanlẹ̀. "Ó dáa, máa gbé níbẹ̀. Torí àbúrò mi ni. Ṣùgbọ́n má kí mi mọ́ láéláé."

Ẹ gbọ́ ìdájọ́! Ìyàwó ilé tí kò gbọ́dọ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ! Ilé náà ò ní ilẹ̀kùn míì àfi ti pálọ̀, ibẹ̀ sì ni Bọ̀dá Julius ń jókòó sí láràárọ̀. Ṣìkẹ́mi á gba iwájú rẹ̀ kọjá, orúnkún á fẹ́ tẹ̀, á dá a dúró, ẹnu á fẹ́ là, á pa á dé. Ó ní kí Ọláídé jẹ́ kí àwọn wá ilé síbòmíì. Ọláídé ní, "Kí ni màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?" Bẹ́ẹ̀ ló ń kọjá títí di òní.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, Abdulsobur tó ń kọ fáòlù ní tábìlì lọ́jọ́ náà, tó sì tẹ̀ lé mi lọ làjà, ń bẹ láàyè ní Gowon Estate. Ẹ lọ bi í.