Ohun-Èlò Olómi Tí Mo Gbé Lọ Síbi Ìkórè

Ilé tí mo gbà ní Sùúrùlérè nígbà náà, ẹ̀rọ omi àgbàlá rẹ̀ a máa kọrin kí omi tó dé. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí àwọn obìnrin ilé ti to korobá sílẹ̀, páìpù yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, yóò wúkọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fọn ohùn gígùn kan jáde tí yóò máa lọ sókè títí omi yóò fi ya. Àwọn ará ilé á máa sáré gbé korobá sí i. Èmi á dúró, mà á máa gbọ́.

Tíṣà ni mí, mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ ọnà ní ilé-ìwé girama kan. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Yábàá ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi irin ṣe ère, ṣùgbọ́n ère tí kò lè fọhùn ti sú mi. Mo fẹ́ èyí tí yóò máa dún. Páànù àti sípíríǹgì ni mo fi ṣe àwọn àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá dún lónìí, wọn kì í dún lọ́la. Nígbà tó yá ni mo pinnu pé n ó ṣe ohun tí yóò máa kọrin bí ẹ̀rọ omi yẹn.

Ọkùnrin kan tó ń jó irin ní Pápá Àjàó, ní Muṣin, ló bá mi ṣe é. Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, Mùsùlùmí ni, ó sì fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi àwòrán rẹ̀ hàn án, ó wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

Mo ní, "Wọ́n ń fi í kọrin ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. A ti jó géètì, a ti jó sàlẹ́ńsà mọ́tò. Ẹ jẹ́ ká jó orin wò."

Ọpọ́n irin ńlá kan tó kún fún omi ni ìsàlẹ̀ nǹkan náà. Àwọn páìpù gígùn àti kúkúrú dúró sínú omi náà, èyí tó ga jù nínú wọn kàn mí léjìká. Ẹwìrì bíi ti alágbẹ̀dẹ ni mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti wọ inú páìpù, tí mo sì ń fi ìka dí àwọn ihò ara rẹ̀, ohùn á máa kùn jáde, omi á máa hó lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dún dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù, Wẹ́dà sọ òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun sọ ọ́ sílẹ̀.

Àfẹ́sọ́nà mi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Òun ló sọ̀rọ̀ náà fún ọ̀gá akọrin, ni ọ̀gá akọrin bá ní kí n wá fi nǹkan náà gbe orin kan lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Ìkórè. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi eérú dán gbogbo páìpù títí wọ́n fi ń kọ mọ̀nà.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ náà. Wọ́n so ìrèké mọ́ òpó, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú pẹpẹ, adìyẹ wà nínú agọ̀. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi, tí mò ń pè ní Mọ́mì, jókòó síwájú. Ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í gbóhùn sókè. Ó mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dání láti wá wo ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́.

Ẹsẹ orin kìn-ín-ní dára. Mo rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń na ọrùn. Ní ẹsẹ kejì ni ibì kan tí wọ́n jó pọ̀ lára páìpù tó tóbi jù là. Ẹ dárí jì mí, n kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ohun tó ṣẹlẹ̀: nǹkan náà só.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́. Dípò kí n dúró, mo tún tẹ ẹwìrì kíkankíkan, mo rò pé bí atẹ́gùn bá pọ̀ sí i, ohùn á padà bọ̀ sípò. Ó tún só, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àkùkọ kan nínú agọ̀ dá a lóhùn. Ọmọdé kan béèrè láti ẹ̀yìn, "Màámi, ta ló só?"

Ẹ̀rín wá bú jáde bí ìgbà tí òjò bá dé sórí páànù. Omi ń hó dànù láti ẹnu ọpọ́n, ó ń ṣàn lọ síbi tí iṣu wà. Baba Àlùfáà dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

N kò lè di ojú mi. Mo wo àfẹ́sọ́nà mi láàárín àwọn akọrin. Ó ti fi ìwé orin bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ló ń sun nítorí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ìgbà tó gbé ìwé kúrò ni mo rí i pé ẹ̀rín ló ń rín.

Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tún gèlè tí kò bàjẹ́ ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń wo ilẹ̀.

Ọmọlanke ni mo fi gbé nǹkan náà padà sí Muṣin. Èmi ni mò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, pẹ̀lú léèsì tó tutù dé orúnkún, tí àwọn ará ọ̀nà ń kí mi pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ń kó ilé ni?" Wẹ́dà gbé ìka lé ibi tó là. "Ọwọ́ mi ni," ló wí. Mo ní kò sí nǹkan kan. N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí a ti ń jáde nínú ìsìn, mo rí Wẹ́dà. Ó wọ agbádá funfun, ó dé fìlà, ó ti bọ́ bàtà sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Baba Àlùfáà.

"Ẹ má bínú, sà! Èmi ni mo jó irin yẹn. Kì í ṣe ẹ̀bi Àǹtí rárá. Iná ò tíì mú irin dáadáa tí mo fi gbé e kúrò."

Ariwo ṣọ́ọ̀bù ti mú kó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì títì. Àwọn tó ti gbàgbé tún rántí. Ẹnì kan fi ẹnu rẹ̀ ṣe ohùn páìpù náà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Mọ́mì sún mọ́ mi. "Ta ni ọkùnrin yìí sí ọ?"

"Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, mà."

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, Àǹtí."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọkùnrin yìí wẹ̀, ó wọ aṣọ iléyá rẹ̀, ó wá gbé ìtìjú mi lé orí ara rẹ̀ níwájú àwọn tí kò mọ̀ rí, ohun tí mo sì ń rò kò ju pé kó tètè máa lọ. Baba Àlùfáà fà á dìde, ó gbọn eruku lára agbádá rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Kò tán. Àfẹ́sọ́nà mi pè mí sábẹ́ igi fúrúùtù. Ó ní Mọ́mì fẹ́ mọ̀ bóyá n ó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ bí a bá ṣègbéyàwó.

"Ìwọ ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó wo bàtà rẹ̀. "Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó dún dáadáa ni..."

A kò jà. Kò padà wá sílé mi lọ́sẹ̀ yẹn, èmi náà kò wá a lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá sọ fún àwọn òbí mi pé kí wọ́n má bínú, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà kò lè lọ mọ́.

Wẹ́dà tún páìpù náà jó, ó sì jó o dáadáa, ṣùgbọ́n n kò lè lò ó mọ́ níbi tí èèyàn bá ti lè gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ni mo ti ń fọn ọ́n, ní ọ̀sán, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń lọ irin, òòlù àwọn mẹkáníìkì àti rédíò olójúlé kejì bá ń pariwo pa pọ̀. Èmi àti ìka mi nìkan la mọ ohun tó ń dún.

Lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́nu rẹ̀ ni iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́, rédíò dákẹ́, àwọn mẹkáníìkì gbé orí sókè bí wọ́n ti máa ń ṣe láti ṣépè. Ohùn mi nìkan ló kù ní gbogbo òpópónà, omi ń hó lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi. Ara mi gbóná láti ọrùn dé etí, ni mo bá gbé ọwọ́ kúrò.

"Kí ló dé?" ni mẹkáníìkì tó wà níwájú bi mí. Ó ti jókòó lé táyà. "Ṣé iná ló ń lò ni?"

Mo ní kì í lo iná.

"Ẹ máa bá a lọ nígbà náà."

Wẹ́dà kò wò mí. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Mo tún gbé ẹsẹ̀ lé ẹwìrì. Mo ṣi ohùn mú lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mọ́tò, ìtìjú náà sì wà lára mi gidi. Mo fọn ọ́n títí omi inú ọpọ́n fi lọ sílẹ̀.